Èmi Ni Mo Ní Kí Rábì Pè É Ní Àjọ

Ẹ̀yin tí ẹ máa ń ka abala ìmọ̀ràn yìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ kà mí dé òpin kí ẹ tó bú mi. Àgbàlagbà ni mí. Ọjọ́ orí mi ti kọjá ti ẹni tí wọ́n ń bú, ṣùgbọ́n èébú tọ́ sí mi.

Ọ̀yọ́ ni wọ́n bí mi sí, Ọ̀yọ́ náà ni mo padà sí, nínú ilé tí èmi àti ìyàwó mi kọ́. Ìyàwó mi ti kú. Àwọn ọmọ mi wà lókè òkun. Láàárọ̀, n óò jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, n óò máa wo àwọn ọmọ iléèwé tí wọ́n ń kọjá, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni yóò sì máa jẹ mí lọ́kàn.

Obìnrin kan wà ní Ògbómọ̀ṣọ́ tí wọ́n ń pè ní olè títí di òní. Kò jalè. Èmi ni mo parọ́ mọ́ ọn. Ìdí tí mo fi ń sọ ọ́ báyìí ni pé obìnrin náà ń ṣàìsàn, àìsàn tí ó lè pa á, kò sì gbà kí wọ́n tọ́jú òun àfi bí mo bá kọ́kọ́ sọ òtítọ́. Mo ti gbìyànjú láti sọ ọ́. Ẹ óò rí ibi tí mo bá a dé.

Ẹ jẹ́ kí n mú yín padà sẹ́yìn díẹ̀.

Mo wà lára àwọn tí ó lọ sí yunifásítì nígbà tí yunifásítì ṣì dùn ún lọ. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí kò lè mọ̀ ọ́n. Wọ́n ń bá wa fọ aṣọ. Wọ́n ń bá wa tẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Lọ́jọ́ Sọ́ńdè, a ń jẹ adìẹ títí a fi ń yàn nínú rẹ̀. Bí ibà bá mú ọ, o kàn máa rìn lọ sí kílíníìkì ni. Nọ́ọ̀sì yóò gún ọ lábẹ́rẹ́, yóò pè ọ́ ní Mísítà, yóò sì ní kí o lọ sinmi. Kò sí ẹni tí yóò béèrè kọ́bọ̀ lọ́wọ́ rẹ.

Mo rántí ọjọ́ kan tí mo dùbúlẹ̀ síbẹ̀, tí fèrèsé ṣí, tí atẹ́gùn ń fẹ́ wọlé. Mo ronú kan àbúrò mi tí ó kú ní Ọ̀yọ́ nígbà tí ìyá wa ń wá owó tí wọn yóò fi gba káàdì ilé ìwòsàn kiri àdúgbò. Mo sọ fún ara mi pé bí Ọlọ́run bá dá ẹ̀mí mi sí, n óò ṣe iṣẹ́ tí yóò jẹ́ kí gbogbo ènìyàn máa rìn wọ ilé ìwòsàn bí èmi ṣe rìn wọ̀ ọ́ lọ́jọ́ náà.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí gbọ́. Òtítọ́ ni ìyẹn. N kò fi í ṣe àwáwí.

Mo di olùkọ́ ní yunifásítì. Ètò ọrọ̀-ajé ni mo kọ́ wọn títí mo fi fẹ̀yìn tì. Dókítà ni wọ́n ń pè mí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé n kò gún ẹnikẹ́ni lábẹ́rẹ́ rí. Lẹ́yìn tí mo fẹ̀yìn tì, ọ́fíìsì ìjọba kan ní Ìbàdàn gbà mí bí olùdámọ̀ràn. Àwọn òyìnbó kan ló ń gbé owó iṣẹ́ náà kalẹ̀. Wọ́n fẹ́ dá ètò kan sílẹ̀ tí àwọn ọlọ́jà, oníṣẹ́ ọwọ́, àgbẹ̀ àti dírẹ́bà yóò máa dá owó díẹ̀díẹ̀ sí. Ẹni tí ara rẹ̀ kò bá yá yóò gba ìtọ́jú láti inú rẹ̀ láìsan òmíràn. Ẹni tí ara rẹ̀ bá le, owó rẹ̀ ni wọn yóò fi tọ́jú ẹlòmíràn. Kò ní gbà á padà. Inṣọ́ránsì ni àwọn ènìyàn ń pè é.

Iṣẹ́ tèmi ni kí n lọ bá àwọn ará Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́ sọ̀rọ̀, kí n sì fi hàn pé wọn yóò gbà á.

Ọ̀yọ́ ni mo ti bẹ̀rẹ̀. Mo sọ òtítọ́ fún wọn níbẹ̀. Mo pe àwọn oníṣẹ́ awọ jọ, mo ṣàlàyé fún wọn pé owó tí wọ́n bá dá kò ní padà. Bàbá kan nínú wọn bọ́ fìlà rẹ̀, ó gbé e lé orúnkún. Ó ní, "Dókítà, gbogbo ọjọ́ ayé mi ni mo fi ń sá fún àìsàn. Ẹ̀yin wá ní kí n máa sanwó dè é lọ́nà. Ṣé kí n tẹ́ ẹní sílẹ̀ fún un náà ni?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n àwọn tí ó wọ inú ètò náà ní Ọ̀yọ́ kò tó nǹkan.

Ní Ìbàdàn, ọ̀gá wa, tí àkọ́bí mi jù lọ́jọ́ orí, sọ níwájú gbogbo wa pé bóyá iṣẹ́ náà ń fẹ́ ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣì yá. Kò dárúkọ mi. Gbogbo ojú sì wá sọ́dọ̀ mi. Mo padà sí Ọ̀yọ́ lọ́jọ́ náà pẹ̀lú ìbínú. Èmi tí mo ti kọ́ àwọn tí ó kọ́ ọ̀gá náà níwèé.

Ibi tí Rábì ti wọ ọ̀rọ̀ náà nìyí.

Rábì ni àbúrò ìyàwó mi, ọmọ ìyá kan náà. Ṣìfáwù ni orúkọ ìyàwó mi. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n. Nígbà tí mo ń fẹ́ Ṣìfáwù, Rábì ṣì kéré, òun ni ó máa ń jókòó sí ẹnu ọ̀nà láti bá wa ṣọ́ bàbá wọn. Bí bàbá bá ti ń bọ̀ lókèèrè, Rábì yóò bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin iléèwé, èmi yóò sì gba ẹ̀yìnkùlé lọ. Ìgbà yẹn dùn. Bí mo bá rántí ohùn rẹ̀ nígbà náà, ara mi kì í gbà á.

Nígbà tí ó dàgbà, ó di alájọ ní Ọjà Igbó. Ẹ mọ bí àjọ ṣe rí. Yóò gba owó lọ́wọ́ àwọn ọlọ́jà lójoojúmọ́, yóò bá wọn tọ́jú rẹ̀, nígbà tí oṣù bá parí kálukú yóò kó tirẹ̀. Rábì kò kùnà rí. Òjò a máa rọ̀, yóò dé. Ọjọ́ tí ọkọ rẹ̀ kú pàápàá, ó rán ènìyàn lọ kó owó àwọn tí oṣù wọn pé fún wọn. Ìyá Alájọ ni gbogbo ọjà ń pè é. Bí ó bá sọ pé nǹkan kan dára, ẹnu gbogbo wọn ni yóò fi sọ ọ́.

Mo lọ bá a nílé. A jókòó sábẹ́ igi ọsàn. Mo sọ fún un pé mo fẹ́ kí ó bá mi kó àwọn ìyá ọlọ́jà wọ inú ètò náà, kí ó máa gba owó wọn mọ́ ti àjọ, kí ó sì máa mú un lọ sí ọ́fíìsì ètò náà. Ó béèrè bí yóò ti ṣàlàyé rẹ̀ fún wọn.

Mo ní, "Sọ fún wọn pé àjọ ara ni."

Ó wò mí. "Bọ̀dá, àjọ ni a máa ń kó o. Tí ọdún bá parí tí ara ẹnì kan le, ṣé á kó owó rẹ̀?"

Mo ní kí wọ́n kọ́kọ́ wọlé ná. Ó ní rárá, òun kì í fi ẹnu òun gba owó ẹlòmíràn láìmọ bí yóò ti padà. Ó tún un béèrè.

Ẹ jọ̀ọ́, mo lè sọ òtítọ́ fún un. Òtítọ́ náà wà lẹ́nu mi. Ojú ọ̀gá mi ní Ìbàdàn ni mo rí. Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni. Wọn yóò kó o."

Mo rò pé kí ọdún tó yípo, wọn yóò ti rí àǹfààní rẹ̀, wọn kò ní rántí owó mọ́. Bí àwa ọ̀mọ̀wé ṣe máa ń rò nípa àwọn ènìyàn nìyẹn.

Ọjà Igbó rọ́ wọ inú ètò náà. Aláta, aláṣọ, oníṣu, gbogbo wọn. Àwọn tí ó wà ní àdúgbò Takie gbọ́, àwọn náà wá. Ọ̀gá mi bọ̀ mí lọ́wọ́ ní gbangba. Wọ́n ní kí n wá sọ̀rọ̀ ní Àbújá lórí bí a ṣe ń bá àwọn ọlọ́jà sọ̀rọ̀. Mo wọ agbádá lọ. Mo sọ fún wọn pé ẹni tí yóò bá mẹ̀kúnnù ṣiṣẹ́ gbọ́dọ̀ mọ àṣà wọn. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi.

Ọdún yípo. Àwọn tí ara wọn le lọ bá Rábì pé kí ó fún àwọn lówó àwọn. Rábì lọ sí ọ́fíìsì. Àwọn ọmọ ọ́fíìsì fi ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n ní ta ni ó sọ fún un pé owó inṣọ́ránsì ń padà. Ó pè mí lórí fóònù. N kò gbé e. Ó tún pè mí. Mo pa fóònù.

Ọ̀rọ̀ náà di ariwo. Wọ́n ní Ìyá Alájọ ti kó owó jẹ. Àwọn ìyá ọlọ́jà ránṣẹ́ sí Ìbàdàn pé àwọn yóò jáde nínú ètò náà lápapọ̀, Ìbàdàn sì ránṣẹ́ sí mi pé kí n lọ parí ohun tí mo bẹ̀rẹ̀. Mo mọ̀ nínú mọ́tò, kí a tó dé Ògbómọ̀ṣọ́, ohun tí n óò sọ.

Abẹ́ ìsọ̀ ńlá ni a ti pàdé, ní ọ̀sán gangan. Ìyálọ́jà ìgbà náà kí mi dáadáa, ó fún mi ní àga tí ó ní ìrọ̀rí. Rábì jókòó sórí àpótí níwájú. Ìyálọ́jà ní, "Dókítà, ẹ̀yin lẹ mọ̀wé. Rábì ní ẹ̀yin lẹ ní kí òun sọ fún wa pé a óò kó owó wa. Ṣé ẹ sọ bẹ́ẹ̀?"

Mo ní n kò sọ bẹ́ẹ̀. Mo ní irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ kò lè ti ẹnu mi jáde. Mo ní ẹ lọ béèrè ní Ọ̀yọ́, bí mo ṣe ṣàlàyé fún wọn níbẹ̀ ni mo ṣe ṣàlàyé fún Rábì.

Ẹ mọ ilé wa. A kì í sọ fún àgbà pé ó ń parọ́. Áńbọ̀sì ọkọ ẹ̀gbọ́n ẹni. Bí àgbà bá tilẹ̀ ní ọ̀sán ni òru, ohun tí àbúrò lè sọ kò ju pé bóyá oorun ló ń kùn wọ́n. Mo mọ èyí kí n tó wọ mọ́tò. Òun ni mo gbọ́kàn lé.

Rábì dìde. Ó kúnlẹ̀ díẹ̀. Ó ní, "Bọ̀dá, bóyá ẹ ti gbàgbé ni. Abẹ́ igi ọsàn lẹ ti sọ ọ́."

Gbogbo ohun tí ó lè sọ nìyẹn. Bí mo bá ti dákẹ́ níbẹ̀, bóyá wọn ì bá gbà pé ńṣe ni mo gbàgbé, wọn ì bá sì dárí jì í. N kò dákẹ́. Mo ní, "Rábì, àwọn tó ń gbàgbé kọ́ ni wọ́n ń fún ní oyè dókítà. Àìkàwé ló ń bá ọ jà. Bí kì í bá sì ṣe àìkàwé, a jẹ́ pé ọwọ́ rẹ ló gùn." Mo sì mọ̀ pé gbogbo owó tí ó gbà ló ti dé ọ́fíìsì.

Ọjà bú sẹ́rìn-ín. Aláta kan tí ẹnu rẹ̀ mú ní, "Ìyá Alájọ, ara tiwa ò wú, àpò tìẹ ló wú." Ẹlòmíràn ní kí wọ́n wo ìborùn tuntun tí Rábì dà borí, ó ní ibà àwọn ló fi rà á.

Ni Ìyálọ́jà bá ní kí a má fi ẹnu lásán sọ ọ́. Wọ́n pe àlùfáà kan láti mọ́ṣáláṣí tí ó wà lẹ́bàá ọjà. Ó gbé Kùránì wá. Ó ní kí Rábì ṣe àlùwàlá kí ó sì búra. Ohun tí yóò sọ ni pé nínú òun àti èmi, ẹni tí ó bá ń parọ́, kí Kùránì mú un kí ọdún tó jálẹ̀.

Kò sí ẹni tí ó ní kí èmi búra. Ta ni yóò ní kí Dókítà búra?

Rábì fọ ọwọ́, ó fọ ojú, ó fọ ẹsẹ̀. Ó padà wá síwájú àlùfáà. Ó na ọwọ́. Lẹ́yìn náà ó gbójú sókè, ó wò mí. Kò wò mí bí ẹni tí ó bínú. Ó kàn wò mí fún ìgbà díẹ̀, ó sì ká ọwọ́ rẹ̀ kò. Ó ní òun kò ní lè búra.

Ọjà hó. Ẹni tí kò jalè kì í sá fún Kùránì, ohun tí gbogbo wọn ń sọ nìyẹn.

Èmi mọ ìdí tí kò fi búra. Mo mọ̀ ọ́n níbi tí mo jókòó sí. Bí ó bá búra, èmi ni yóò mú, Ṣìfáwù, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ni yóò sì di opó. Mo mọ̀ ọ́n, inú mi sì dùn pé kò búra. Ẹ jọ̀ọ́, èyí ni ó ṣòro jù fún mi láti kọ. Inú mi dùn.

Wọ́n ta àpótí rẹ̀ nípàá. Wọ́n já ìborùn rẹ̀. Wọ́n kọrin olè tẹ̀lé e jáde lọ́jà tí ó ti ń ṣiṣẹ́ láti ìgbà ọmọge. Ó gba ẹ̀gbẹ́ mọ́tò mi kọjá. Ó fẹ́ sọ nǹkan. Mo yí gíláàsì sókè.

Ọ́fíìsì fún ìyá kọ̀ọ̀kan ní káàdì tirẹ̀. Wọ́n sọ fún wọn pé Ìyá Alájọ ló tàn yín jẹ, òtítọ́ rè é báyìí. Nítorí pé wọ́n ti rí ẹni tí wọn yóò di ẹ̀bi rù, wọn kò bá ètò náà bínú mọ́. Wọ́n dúró sínú rẹ̀. Wọ́n wà nínú rẹ̀ di òní. Wọ́n ń fi bímọ, wọ́n ń fi gba oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru. Ohun tí mo ṣèlérí lórí bẹ́ẹ̀dì kílíníìkì nígbà èwe mi, mo ṣe é. Orí Rábì ni mo tẹ̀ mọ́lẹ̀ kí ọwọ́ mi tó tó o.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, Ṣìfáwù bi mí ní Ọ̀yọ́ bóyá lóòótọ́ ni àbúrò òun ṣe é. Mo ní bí kò bá ṣe é, kí ló dé tí kò búra? Ṣìfáwù sunkún. Lẹ́yìn náà ó pe Rábì lórí fóònù, ó ní ọmú ìyá tí àwọn jọ mu, òun ti bì í dànù. N kò gbọ́ ohun tí Rábì fi fèsì. Mo rí i pé Ṣìfáwù gbé fóònù náà sétí fún ìgbà pípẹ́.

Kò pẹ́ sígbà náà ni Ṣìfáwù kú. Ẹ̀jẹ̀ ríru ni. Kò tún bá àbúrò rẹ̀ sọ̀rọ̀ mọ́ kí ó tó lọ.

Rábì wá sí fídáù rẹ̀ ní Ọ̀yọ́. Ó wọ aṣọ funfun, ó gbé garawa èkuru kékeré kan lórí, nítorí pé Ṣìfáwù fẹ́ràn èkuru. Mo rí i láti ojú fèrèsé. Ẹ̀rù bà mí pé yóò sọ̀rọ̀ láàárín àwọn ènìyàn. Mo ní kí wọ́n má jẹ́ kí ó wọlé. Mo ní kí wọ́n sọ fún un pé olóògbé sọ ọ́ kí ó tó kú pé òun kò fẹ́ kí ẹsẹ̀ Rábì tẹ ilé òun.

Ṣìfáwù kò sọ bẹ́ẹ̀. Láti ọjọ́ tí ó ti bì í dànù, kò dárúkọ Rábì rárá. Èmi ni mo fi sí i lẹ́nu lẹ́yìn tí ó ti kú.

Wọ́n sọ ọ́ fún Rábì. Ó gbé garawa náà sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó ní kí wọ́n kí mi kú ìrọ́jú, ó sì wọ ọkọ̀ padà.

Mo ń bá ayé mi lọ. Ẹ ò ní gbà mí gbọ́, ṣùgbọ́n mo sùn dáadáa ní ọ̀pọ̀ ọdún wọ̀nyẹn.

Láìpẹ́ yìí ni Màríámọ̀ wá sí Ọ̀yọ́. Òun nìkan ni ọmọ tí Rábì bí. Aránṣọ ni ní Takie. Kò jókòó. Ó kí mi bí wọ́n ṣe ń kí àgbà, ó sì sọ ohun tí ó gbé e wá. Ìyá rẹ̀ ti ń gbé ní abà kan lẹ́bàá Ìrẹsà láti ìgbà náà, gààrí ló ń yan. Ìtọ̀ ṣúgà mú un. Egbò wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀ tí kò san, ó ti ń dúdú. Dókítà tí wọ́n gbé wá wò ó ní bí kò bá tètè dé ilé ìwòsàn, wọn yóò gé ẹsẹ̀ náà, bí ó bá sì pẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ, gígé kò ní ràn án. Rábì ní òun kò lọ. Ó ní ẹ pe Bọ̀dá wá.

Mo bi Màríámọ̀ pé ọkọ rẹ̀ ńkọ́. Ó ní òun kò lọ́kọ. Àwọn ìdílé tí ó fẹ́ gbé òun níyàwó ní àwọn kò mú ọmọ olè wọlé. Ó sọ ọ́ bí ẹni ń sọ iye tí wọ́n ń rán aṣọ.

Mo tẹ̀ lé e lọ sí Ìrẹsà. Rábì wà lórí ẹní lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n fi aṣọ wé ẹsẹ̀ náà. Mo gbọ́ òórùn rẹ̀ kí n tó sún mọ́ ọn. Bí ó ti rí mi, ó gbìyànjú láti dìde. Ó ní, "Bọ̀dá, ẹ má bínú, ẹsẹ̀ ni kò jẹ́ kí n kúnlẹ̀ kí yín."

Mo dọ̀bálẹ̀. Èmi, níwájú àbúrò ìyàwó mi. Mo ní kí ó dárí jì mí.

Ó ní, "Ẹ dìde. Ilẹ̀ ibí yìí ò mọ nǹkan kan. Ọjà Igbó lẹ ti ṣe é."

Mo bi í léèrè ohun tí mo ti mọ̀. Mo ní kí ló dé tí kò búra. Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ó ní Kùránì kò ba òun lẹ́rù, Ṣìfáwù ni òun wò. Ó ní òun kò mọ̀ pé Ṣìfáwù ni yóò kọ́kọ́ lọ. Lẹ́yìn náà ó béèrè bóyá òótọ́ ni Ṣìfáwù sọ ọ́ kí ó tó kú pé kí òun má wọlé.

Màríámọ̀ dúró tì wá. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

N kò mọ ìdí tí mo fi sọ bẹ́ẹ̀. Mo ti dọ̀bálẹ̀ tán, mo ti sunkún tán, ó sì tún jáde lẹ́nu mi. Ó mi orí. Ó ní ó dáa.

Mo bẹ̀ ẹ́ pé kí ó jẹ́ kí n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Ó ní òun ti forí jì mí, kí n lọ fọkàn balẹ̀ lórí ìyẹn. Ó ní, "Ṣùgbọ́n n kò ní fi ẹsẹ̀ olè wọ ilé ìwòsàn. Ẹ lọ sọ fún wọn ní Ọjà Igbó pé mi ò jalè. Ẹnu yín ni kí ẹ fi sọ ọ́, ní abẹ́ ìsọ̀ yẹn. Ọjọ́ tí ẹ bá sọ ọ́, kí Màríámọ̀ wá gbé mi."

Mo ṣèlérí. Mo lọ ní ọjọ́ ọjà. Aláta tí ẹnu rẹ̀ mú ní ọjọ́sí ni Ìyálọ́jà báyìí. Bí ó ti rí mi ni ó pariwo pe àwọn yòókù. Wọ́n gbé àga fún mi. Wọ́n fún mi ní omi tútù. Wọ́n ń ṣàdúrà fún mi pé ẹ̀mí mi yóò gùn. Ìyálọ́jà gbé ọmọ ọwọ́ kan lé mi lẹ́sẹ̀. Ó ní, "Ẹ wo ọmọ ọmọ mi, Dókítà. Iṣẹ́ abẹ ni wọ́n fi gbé e jáde, káàdì yín la lò. A ì bá ti sin ìyá àti ọmọ."

Ọmọ náà di ìka mi mú. Mo fẹ́ sọ̀rọ̀. Mo la ẹnu.

Ìyálọ́jà ní, "Ẹ rántí olè ọjọ́sí? Díẹ̀ ló kù kó ba gbogbo rẹ̀ jẹ́ mọ́ yín lọ́wọ́. Ṣé ó ṣì wà láyé?"

Gbogbo wọn ń wò mí. Ẹ̀rín wà lójú wọn. Ó ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti wò mí bẹ́ẹ̀. Mo ní n kò mọ̀.

Wọ́n bi mí ohun tí mo bá wá. Mo ní mo kàn wá kí wọn ni. Wọ́n di iṣu sí mi nínú ọkọ̀, mo sì padà sí Ọ̀yọ́.

Láti ọjọ́ náà, Màríámọ̀ ń pè mí. N kò gbé e. Lánàá, ó fi ohùn ránṣẹ́ sí mi lórí fóònù. Ó ní ìka ẹsẹ̀ kan ti já fúnra rẹ̀. Ó ní ìyá òun ṣì ń béèrè bóyá mo ti sọ ọ́.

Nítorí náà ni mo ṣe kọ èyí. Orúkọ Rábì tí ẹ rí níhìn-ín, orúkọ rẹ̀ gan-an ni, kí ẹnikẹ́ni tí ó bá mọ̀ ọ́n lè mọ̀ pé kò jalè. Tèmi ni n kò lè kọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣàánú mi. Mo ti darúgbó, orúkọ tí wọ́n fi ń kí mi ní ọjà yẹn nìkan ni ó kù fún mi láyé.

Bí ẹ bá wà ní Ògbómọ̀ṣọ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi kà á fún àwọn ìyá ọlọ́jà. Ṣé ẹ rò pé bí Màríámọ̀ bá kà á fún ìyá rẹ̀ pé mo ti sọ ọ́ níbí, yóò gbà kí wọ́n gbé òun lọ? Ẹ gbà mí ní ìmọ̀ràn, kí ẹ sì tètè. Ohunkóhun tí ẹ bá ní kí n ṣe, n óò ṣe é. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kàn sọ pé kí n padà lọ sí Ọjà Igbó.